Odó Ìyá Ìbòkun Nínú Oṣù Ààwẹ̀

Nínú oṣù ààwẹ̀ tó kọjá yìí, èmi àti ọmọ-ọmọ mi obìnrin jọ ń rìn lọ ní Old Garage, ní Òṣogbo, lọ́sàn-án gangan, ni mo bá rí ànkárá ṣíṣá kan tí wọ́n ta bo ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ kékeré kan. Aṣọ náà kò balẹ̀. Ẹsẹ̀ àwọn tó ń jẹun nínú ilé hàn kedere lábẹ́ rẹ̀: ti awakọ̀ kan nínú sálúbàtà, ti olùkọ́ kan nínú bàtà aláwọ dúdú, àti ti ẹlòmíràn tó ti bọ́ bàtà sílẹ̀ pátápátá, tó ń fi ẹsẹ̀ kan họ èkejì. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà wò mí títí, ó ní, "Màmá, kí lẹ rí?" Mo ní ẹsẹ̀ ni mo rí. Láti ìgbà náà ni kò ti jẹ́ kí n sinmi, àfi ìgbà tí mo jókòó tí mo ro ìtàn náà fún un. Bí mo ṣe rò ó fún un náà ni mo fẹ́ rò ó fún yín.

Òkè Baálẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi, nínú agbo ilé àwọn aránṣọ. Àwọn ọkùnrin ilé ń ránṣọ ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ìyá bàbá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àlàájà, sì ń ta òwú, bọ́tìnnì àti sípì nínú ṣọ́ọ̀bù kan lójú títì. Àlàájà tún ní ahéré onípáànù kan ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn, tí kò sí ẹni tó ń lò ó àfi ewúrẹ́. Iṣẹ́ tèmi ni láti jókòó tì í, kí n máa bá a fi òwú bọ abẹ́rẹ́, nítorí ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ojú tèmi mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sí ohun tó lè kọjá lójú títì kí n má béèrè ìdí rẹ̀.

Ohun tó wù mí jù láti mọ̀ ni ibi tí àwọn ènìyàn ti ń jẹun níta. Nílé tiwa, ẹni tó bá jẹun níta, wọ́n á ní ìyàwó rẹ̀ kò mọ ọbẹ̀ sè. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rán mi níṣẹ́ ní Old Garage, ńṣe ni mo máa ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Mo mọ obìnrin oníràìsì tó máa ń bá ìkòkò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo mọ Màálámù onítíì, tó máa ń da tíì láti inú ife kan sí òmíràn, tí yóò gbé ọwọ́ sókè títí tíì náà yóò fi gùn jù mí lọ, tí kò sì ní kán sílẹ̀. Mo mọ búkà ẹlẹ́bà tí àwọn awakọ̀ ti ń jẹun lórí ìdúró, tí wọn kò pa mọ́tò wọn. Mo máa ń rò ó lọ́kàn mi pé, báwo ni ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ ṣe ń mọ bí ata ṣe tó fún ọ?

Lẹ́yìn ìkórè iṣu ọdún kan ni Ìyá Ìbòkun dé sáàárín wa. Opó ni. Ọkọ rẹ̀ dá oko kòkó àti obì nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, nígbà tó sì kú, àwọn ẹbí ní kí ó fẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àbúrò ọkọ. Kò fẹ́ ẹnìkankan. Ó fi àwọn ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìbòkun, ó gbé odó àti ọmọ odó, ó wá bẹ Àlàájà pé kí ó jẹ́ kí òun máa ta iyán nínú ahéré náà. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí Àlàájà dá a lóhùn. Ó ní, "Bí àdúgbò bá gbà ọ́, èmi náà gbà ọ́." Gbogbo wa la mọ̀ pé bí àdúgbò kò bá gbà á, kò níbi tí yóò padà sí ju àárín àwọn àna tó sá fún.

Àdúgbò kò pẹ́ gbà á. Ta ni yóò kọ iyán Ìjẹ̀ṣà? Inú ewé gbòdògì ló máa ń wé e sí, bí o bá sì tú ewé náà, òórùn rẹ̀ á ti wọ̀ ọ́ nímú kí ọwọ́ rẹ tó kan iyán. Ìgbín ló fi ń se ẹ̀gúsí. Ó máa ń pe ilé ní "ulé," ó máa ń pe iṣu ní "uṣu," àwa ọmọdé á sì máa sín in jẹ. Kì í bínú sí wa. Ó máa ń ha ìdí odó fún wa jẹ. Àwọn àgbà ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ. Àwa ń fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣàwàdà ni. Ní ti Ìyá Ìbòkun, òótọ́ pọ́ńbélé ni, bí ẹni tó kà á nínú Bíbélì.

Ìgbà tí oṣù ààwẹ̀ wọlé ni ọ̀ràn yí padà. Ìyá Ìbòkun mọ̀ pé àwọn mùsùlùmí ń gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé láàárín agbo ilé tí gbogbo ènìyàn ti ń gbà á rí. Àlàájà fún un ní aṣọ kan kó ta bo ẹnu ahéré, kí ẹni tó ń jẹun má baà máa jẹ ẹ́ lójú ẹni tó ń gbààwẹ̀. Ayọ̀ ńlá ni aṣọ yẹn jẹ́ fún àwa ọmọdé. A ó jókòó sí òdìkejì títì, a ó máa fi ẹsẹ̀ mọ ẹni tó wà nínú ilé. Lọ́jọ́ kan, a rí ẹsẹ̀ kan tí gbogbo wa mọ̀ dáadáa, ẹsẹ̀ ẹni tó máa ń jí àdúgbò fún sààrì. Àlàájà náà rí i. Ó ní kí n kọjú sí abẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi, mo sì kọjú sí i.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó ń wọlé kò pọ̀ mọ́. Iṣu ń jẹrà nílẹ̀, àwọn ọmọ sì wà ní Ìbòkun tí wọ́n ń retí oúnjẹ àti owó ilé ìwé. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Ìyá Ìbòkun jókòó sí ẹnu ahéré, ó rí wa bí a ṣe ń fi omi àti dàbínù ṣínu, tí a sì fi ẹ̀kọ àti àkàrà tẹ̀ lé e. Ojú rẹ̀ kún fún àánú. "Ẹ̀kọ?" ni ó bi Àlàájà. "Ẹni tí kò jẹun láti àárọ̀, ẹ̀kọ ni yóò jẹ?" Ó pinnu pé láti ọjọ́ kejì, iyán gbígbóná yóò wà nílẹ̀ kí wọ́n tó pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Kó lè rí bẹ́ẹ̀, ó di dandan kó bẹ̀rẹ̀ sí í gún un láti àsìkò ìrun Alásárì, nígbà tí oòrùn kò tíì wọ̀.

Ẹni tó bá ti gbààwẹ̀ rí mọ bí wákàtí yẹn ṣe ń rí. Ọ̀fun ti gbẹ, ìbínú ti wà nítòsí, ojú sì ń wo oòrùn bóyá ó fẹ́ wọ̀. Inú ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn ni odó Ìyá Ìbòkun ti bẹ̀rẹ̀, gbì, gbì, gbì. A gbọ́ nígbà tí iṣu ṣì le, a gbọ́ nígbà tó ń fọ́, a gbọ́ nígbà tó wá ń fà, tí ọmọ odó ń lẹ̀ mọ́ ọn tó sì ń já kúrò. Àbúrò bàbá mi rán ẹnu ẹsẹ̀ ṣòkòtò méjèèjì pọ̀ mọ́ ara wọn. Ìyàwó ilé kan bú sẹ́kún, ó ní òun kò mọ ohun tó ń pa òun lẹ́kún. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn àgbà àdúgbò rán Ládàánì wá, ẹni tí ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí wa, tó tún jẹ́ káfíńtà.

Ládàánì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Ìyá Ìbòkun, ẹ jọ̀ọ́, àwa ò bá yín jà o. Odó yín ló ń bá wa jà." Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tí wọ́n rán an. Bí odó náà bá tún dún lọ́sàn-án ààwẹ̀, wọn yóò ní kí Àlàájà gba ahéré rẹ̀. Ìyá Ìbòkun kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, bàbá. Mo ní kó gbóná fún yín ni." Nígbà tí Ládàánì lọ, Àlàájà ṣáà ń ka bọ́tìnnì tí ẹnìkankan kò fẹ́ rà.

Ní ọjọ́ kejì, ahéré wà ní títì. Odó kò dún. Ìyá Ìbòkun kò sí níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ibi tó lọ. Ó yẹ kí inú àdúgbò dùn, ṣùgbọ́n kò dùn. Àwọn aránṣọ kàn ń wo aṣọ tó sorọ̀ sẹ́nu ahéré. Àlàájà ní ó ti padà lọ nìyẹn, ó sì fi etí ìbòrí rẹ̀ nu ojú. Inú tèmi bàjẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n ìbéèrè ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ó bá lọ, kí ló dé tí kò gbé odó rẹ̀ dání?

Ó dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìyẹn. Kò sọ ibi tó lọ. Ó se iṣu rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó bo ìkòkò, ó sì jókòó tì í láìfọwọ́ kan odó. Wọ́n pe ìrun, a ṣínu, àwọn ọkùnrin lọ kírun. Ìgbà tí wọ́n ń jáde ní mọ́ṣáláṣí ni odó tó dún. Ẹ ò rí i bí ojú wọn ṣe yí sí ọ̀nà ahéré lẹ́ẹ̀kan náà! Ládàánì ló kọ́kọ́ dé. Ó rí i pé apá obìnrin kan kò lè gún iyán tí gbogbo àwọn tó dúró yẹn yóò jẹ, ló bá ká ọwọ́ agbádá rẹ̀ sókè, ó gba ọmọ odó. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọkùnrin Òṣogbo ṣe ń gba ọmọ odó lọ́wọ́ ara wọn títí oṣù fi parí, tí obìnrin Ìjẹ̀ṣà kan ń bá wọn wí pé wọn kò mọ iyán gún. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó tún dárúkọ gbígba ahéré mọ́. Ibẹ̀ ni Ìyá Ìbòkun ti ta iyán títí àwọn ọmọ rẹ̀ fi jáde ilé ìwé.

Mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ, kí n tó bi í léèrè. Ó ti darúgbó, ó ti padà sí Ìbòkun, mo sì lọ kí i. Mo ní, "Màmá, ọjọ́ tí ẹ ti ahéré, níbo lẹ lọ?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀dọ̀ mọ̀lẹ́bí òun kan ní apá kejì Òṣogbo ni òun lọ. Láti ìdájí, òun kò jẹ, òun kò mu. Nígbà tó di Alásárì, òun wọ yàrá, òun ti ilẹ̀kùn, òun sì ní kí mọ̀lẹ́bí náà máa gún iyán ní ẹ̀yìnkùlé. "Mo fẹ́ mọ bó ṣe ń dún létí yín ni," ni ó sọ. "Iyán náà kò tíì kúnná tí mo fi ń sunkún. Mo ní, áà, ohun tí mo ń fojú àwọn ènìyàn yìí rí nìyí."

Lónìí, ilé oúnjẹ pọ̀ ní Òṣogbo ju ti ìgbà yẹn lọ. Ẹ̀rọ ló ń gún iyán ní òmíràn, wọ́n sì ń gbé oúnjẹ sínú gíláàsì kí o lè fi ìka tọ́ka sí èyí tó wù ọ́. N kì í ṣe àgbàlagbà tí ń bú ohun titun. Mo ń jẹ ẹ́, ó sì ń dùn mọ́ mi. Ọmọ-ọmọ mi bi mí bóyá Ìyá Ìbòkun wá di mùsùlùmí. Mo ní rárá o, ọmọ ìjọ ni títí ó fi kú.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń ta iyán ní Ìbòkun báyìí. Mo dúró jẹun níbẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ààwẹ̀ ọdún kan, nígbà tí mo wà lórí ìrìn àjò, tí ẹ̀sìn sì gbà mí láyè láti jẹun. Mo pè é pé kó wá bá mi jẹ, ó ní òun kì í fẹnu kan nǹkan lọ́jọ́ yẹn títí oòrùn yóò fi wọ̀. Mo bi í pé kí ló dé, ṣebí Kìrìsìtẹ́nì ni. Ó ní òun kò mọ̀, bí òun ṣe bá ìyá òun tó ń ṣe é lọ́dọọdún nìyẹn. Mo fọ ọwọ́ mi, mo ní kó fìdí kalẹ̀, mo sì ro ìtàn odó ìyá rẹ̀ fún un.