Tọkọtaya Onígbòkun Etí Ọ̀sà Bàrígà

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé wọ́n ní láti gbé mi lé èjìká kí n tó lè dé inú ọkọ̀ ojú omi, etí ọ̀sà Bàrígà kò rí bí ẹ̀yin ọmọ mi ṣe ń rí i lónìí. Omi súnmọ́ ilé. Bí ẹ bá jí láàárọ̀, ẹ ó rí ìgbòkun lójú ọ̀sà, òmíràn funfun, òmíràn ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, nítorí àpò ìyẹ̀fun ni wọ́n fi ń rán an, ibi tó bá sì ya, aṣọ tó bá wà nílé ni wọ́n á fi lẹ̀ ẹ́.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni bàbá mi ń ṣe ní Ṣómólú, kò mọ nǹkan kan nípa omi. Ṣùgbọ́n tọkọtaya kan wà ní ilé tó tẹ̀ lé tiwa tí omi ni oko wọn. Bàbá Onígbòkun àti Ìyá Onígbòkun là ń pè wọ́n. Wọ́n á kó iyọ̀, ọṣẹ àti karosín lọ sí àwọn èbúté kéékèèké tó wà lọ́nà Ẹ̀pẹ́, wọ́n á kó ẹja gbígbẹ àti ẹní bọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ti lọ ń ṣiṣẹ́ lókè Ọya, nítorí náà àwọn méjèèjì nìkan ló ń bá ọkọ̀ wọn rìn. Bàbá á jókòó sẹ́yìn, á di ìtọ́kọ̀ mú, Ìyá á di okùn ìgbòkun mú. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí Bàbá bá kàn mi orí, Ìyá ti mọ okùn tó yẹ kóun tú.

Lọ́dún tí màmá mi bí àbúrò mi, wọ́n ní kí n lọ lo ìsinmi ilé ìwé lọ́dọ̀ ìyá àgbà, ìyẹn ìyá màmá mi. Èbúté kékeré kan ló ń gbé, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti bí Ìyá Onígbòkun. Ìdí nìyí tí màmá mi fi lè fà mí lé wọn lọ́wọ́.

A gbéra ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ òkun bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Orí àpò iyọ̀ ni wọ́n gbé mi jókòó sí. Ìgbòkun wú, ọkọ̀ ń sáré, àwọn igi Àkọkà ń kéré sí i lẹ́yìn wa. Ìyá fún mi ní ẹ̀kọ àti àkàrà, ó fi aṣọ rẹ̀ bò mí, oorun sì gbé mi lọ.

Nígbà tí mo tají, afẹ́fẹ́ ti kú. Àwọn méjèèjì ti mú àjẹ̀, wọ́n ń tukọ̀ nínú òkùnkùn. Mo ń gbọ́ bí Ìyá ṣe ń mí. Bó bá ti àjẹ̀ bọ omi, á kérora díẹ̀, á dúró, á tún tì í bọ̀ ọ́. Bàbá ní kó sinmi. Ìyá ní bóun bá sinmi, omi á gbé wa padà síbi tá a ti ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí ilẹ̀ fi mọ́ tí a sì gúnlẹ̀.

Èbúté náà kò ju pákó tí wọ́n kàn mọ́ òpó lọ, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù díẹ̀ àti igi àgbọn. Ìyá àgbà ti wá dúró dè mí, ẹ̀gbọ́n Ìyá Onígbòkun obìnrin náà wà níbẹ̀. Wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá kò jẹun. Ó ní kí ọkọ òun tẹ̀ lé òun. Èmi náà tẹ̀ lé wọn, nítorí n kò tíì fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀.

Ilẹ̀ kan ni Ìyá mú Bàbá lọ wò létí omi, tí àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ fún un. Ó fi ẹsẹ̀ fa ilà ibi tí yàrá máa wà, ó fi ibi tí wọ́n á ti máa yan ẹja hàn án, ó wá kọjú sí i.

“Bàálé mi, apá mi ò gba àjẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ ká dúró síbí.”

Bàbá wo ọwọ́ Ìyá títí. Èèyàn dáadáa ni, ẹ má ṣì í mọ̀. Ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti ń gbọ́ ìró ìgbòkun láti kékeré, kò rò pé òun lè sùn nílé tí kò mì.

“Mo ti gbọ́,” ló wí. “Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, a ó wá kọ́ ọ.”

Ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa koríko díẹ̀ tu níbẹ̀, a sì padà sílé. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ta ìgbòkun, wọ́n lọ.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Bàbá ní ọjà ń yá, kí àwọn lo ẹ̀ẹ̀rùn náà tán ná. Òjò dé, ó ní ẹnìkan kì í kọ́lé nínú òjò. Mo ti padà sí Bàrígà nígbà náà, mo sì máa ń rí Ìyá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, tó ń fi òrí pa èjìká, tó ń lẹ ìgbòkun. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti ìrìn-àjò dé, àìsàn dá Ìyá wólẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, kò bọ̀ mọ́. Bàrígà ni wọ́n sin ín sí, kì í ṣe ìlú rẹ̀.

Bàbá sọ ìgbòkun kalẹ̀, kò ta á mọ́. Ọkọ̀ náà jẹrà sínú ẹrẹ̀ níṣojú wa.

Nígbà tí mo ti wọlé ọkọ, tí irun orí Bàbá sì ti funfun tán, ó bẹ̀ mí pé kí n sin òun lọ sí èbúté náà. Mọ́tò la wọ̀. Ẹ̀gbọ́n Ìyá tó ti darúgbó mú wa lọ síbi ilẹ̀ náà. Wọ́n ti gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Bàbá wò ó, ó sọ pé òun fẹ́ kọ́ ilé náà báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ yàrá kan.

Obìnrin náà kò bá a wí. Ó gbé àpótí fún un pé kó jókòó, ó rọra bi í pé, “Àna mi, ta ni ẹ fẹ́ kọ́ ọ fún?”

Bàbá dìde lórí àpótí náà, a wọ mọ́tò padà sí Bàrígà.

Lónìí, wọ́n ti da yanrìn sí ibi tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀, ilé ti kún ibẹ̀. Afárá ńlá gba ojú ọ̀sà kọjá. Ẹni tó bá lọ Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀ lè padà wá jẹun alẹ́, kò ní dúró de afẹ́fẹ́ kankan. Ìgbésí ayé yá, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ yín nígbà tí ẹ bá ń bá àwọn tó fẹ́ràn yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù: ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé ó ti rẹ òun, ẹ má dá ọjọ́ fún un.