Góòlù Tí Bàámi Kò Fojú Rí

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi nígbà kan rí pé orúnkún ọkùnrin ará Sípéènì kan yóò gba oorun lójú mi, ǹ bá ní kí onítọ̀hún lọ wẹ̀, kó sùn. Èmi kì í ṣe ẹni bọ́ọ̀lù. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Chanchaga, ariwo àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn kíláàsì mi sì ti tó mi í gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní bàbá bíi tèmi kò lè sá fún bọ́ọ̀lù títí.

Rélùwéè ló gbé bàámi dé Minna láti Ọ̀ffà. Ó ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ ojú irin títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó kọ́lé sí Tudun Wada, ó sì pinnu pé òun kò lọ síbì kankan mọ́. Nǹkan méjì péré ló kù tó ń mú un jáde nínú yàrá: ṣọ́ọ̀ṣì, àti bọ́ọ̀lù àwọn ará Sípéènì. Ẹnìkejì rẹ̀ nídìí bọ́ọ̀lù yìí ni Alhaji kan, ará Nupe, tó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ilé wa kí ọwọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Alhaji gbọ́ Yorùbá dáadáa, bàámi náà gbọ́ Hausa dáadáa, nítorí náà wọ́n ń fi èdè méjèèjì bú ara wọn. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí bàámi fẹ́ràn ni Alhaji kórìíra. Èyí tí Alhaji ń tẹ̀ lé, bàámi kò jẹ́ dárúkọ rẹ̀. "Àwọn ọ̀hún" ló ń pè wọ́n.

Ọmọ kan wà nínú ẹgbẹ́ bàámi tó yàn láàyò, agbábọ́ọ̀lù iwájú. Ó mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un jáde láàárín àwọn ọ̀dọ́, tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ tí aṣọ ń fẹ́ lára rẹ̀. Bàámi sọ ọ́ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣubú lu àwo, àwo ò fọ́!" Bẹ́ẹ̀ ló máa ń kì í nígbà tó bá kó sáàárín àwọn géńdé tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn. Ọmọ náà gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ó tún gbá a wọlé, títí àwọn ará Ìlú Ọba fi wá rà á. Ọ̀hún ló ti lọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ. Bàámi bínú sí àwọn òyìnbó náà bí ẹni pé inú ilé wa ni wọ́n ti wá mú un. Nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ gbà á padà sí Sípéènì, bàámi ra súyà fún gbogbo ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù Alhaji. Alhaji jẹ tirẹ̀ tán, ó ní ẹran náà le.

Láàárín àkókò yẹn ni awọ funfun bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú bàámi. Ọ̀tún ló kọ́kọ́ bò, òsì tẹ̀ lé e. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo kọ́kọ́ fura, lọ́jọ́ tó bi mí pé, "Ta ni bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ yẹn?" tó sì jẹ́ pé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fúnra rẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ẹni tó ń sọ bọ́ọ̀lù fún un. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n ń sọ tirẹ̀ lédè òyìnbó, ṣùgbọ́n bàámi ní ẹjọ́ ọkùnrin náà ti pọ̀ jù, pé ìtàn ìdílé agbábọ́ọ̀lù ló ń sọ dípò kó sọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà. Èmi kì í ní ìtàn kankan í sọ ní tèmi.

"Ó ti gbà á. Ó ń sáré. Ẹnìkan ń fà á láṣọ. Ó ti ṣubú."

"Ta ló fà á?"

"Ẹnìkan tó fá orí."

"Ìwọ ọmọbìnrin yìí! Mélòó nínú wọn ni kò fá orí?"

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Dókítà ní ọ̀rọ̀ náà kò le, pé wọ́n á ṣí awọ yẹn kúrò, wọ́n á sì fi dígí kékeré kan rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé ká má fi falẹ̀, torí awọ náà ti gbó jù, bó bá pẹ́ sí i, ó lè ba ojú náà jẹ́ pátápátá, kò sì ní sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́. Bàámi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dìde, ó forí sọ ilẹ̀kùn, ó sì ní òun kò ṣe.

Ẹnìkan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní rélùwéè ló ṣe iṣẹ́ abẹ ojú nígbà láéláé, tí kò sì ríran mọ́ títí ó fi kú. "Ohun tí ọ̀bẹ bá ti kàn," bàámi á ní, "kì í padà sípò." A bẹ̀ ẹ́. Pásítọ̀ bẹ̀ ẹ́. Alhaji fi Hausa bẹ̀ ẹ́, ó tún fi Yorùbá bẹ̀ ẹ́. Ó ṣubú sínú gọ́tà iwájú ilé wa, awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó, ó ní gọ́tà ló sún. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Bàbá mi ń rìn wọ inú òkùnkùn lójú mi, n kò sì lè fipá fà á padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí orúnkún Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ já. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án; ó kàn fẹ́ yí padà ni, ó sì wó lulẹ̀. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe rí i: "Ó di orúnkún mú. Ó ń fọwọ́ lu ilẹ̀. Wọ́n ń gbé e jáde." Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, a gbọ́ pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Bàámi mi orí bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

"Ó parí. Ọ̀bẹ ti kàn án."

"Kò parí, bàámi. Á tún gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ máa wò ó."

Ọ̀rọ̀ "ẹ máa wò ó" yẹn ló bí i nínú. Ó yíjú sí ibi tó rò pé Alhaji wà, ó sì gbé ohùn sókè. "Alhaji, jẹ́rìí mi. Bí ọmọ yìí bá tún gbá bọ́ọ̀lù wọlé lẹ́yìn ọ̀bẹ, èmi náà á lọ tẹ́ ojú mi sílẹ̀ fún dókítà."

"To," Alhaji dáhùn. "Mo ti gbọ́ o, Mai Jirgi." Onírélùwéè nìyẹn lédè Hausa, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń pè é.

Ẹni tó bá mọ irú àwọn bàbá wọ̀nyẹn mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá ti fẹnu ara wọn sọ níwájú ọ̀rẹ́, wọn kì í yẹ̀ ẹ́. Bí ojú bàbá mi ṣe so mọ́ orúnkún ọkùnrin tí kò mọ̀ pé Minna wà láyé nìyẹn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún orúnkún náà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. N kò tijú. Oṣù ń gorí oṣù, ojú bàámi ń bà jẹ́ sí i, títí ó fi jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé nìkan ló kù tó ń rí. Nígbà tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ padà sórí pápá, ìgbà tí eré bá kù díẹ̀ kó parí ni wọ́n máa ń fi í wọlé, á sì máa sáré bí ẹni tí kò fọkàn tán ilẹ̀. Wọ́n fún un ní pẹ́nárítì, ó gbá a sójú ọ̀run. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi bàtà lu tẹlifíṣọ̀n.

Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ní Gidan Kwano, ló ní àwa ni a ò gbọ́n. "Àǹtí, bàbá ò kúkú ríran. Ẹ jẹ́ ká kàn pariwo góòlù." Mo bá a jà díẹ̀, lẹ́yìn náà mo gbà. A sọ fún Alhaji, òun náà gbà, torí ọ̀rọ̀ ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń dùn ún.

Nígbà tó di ọ̀sán Sọ́ńdè, àbúrò mi fò sókè láàárín eré. "Góòlù! Ó ti wọlé!" Èmi náà pariwo, mo tún pàtẹ́wọ́ kún un. Bàámi kò mira.

"Alhaji, ṣé lóòótọ́ ni?"

"Eh, ya ci," Alhaji fèsì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ó gbá a wọlé. Góòlù tó dára ni."

Bàámi bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Góòlù tó dára! Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́, ṣé ọmọ mi ti gbá góòlù tó dára kan rí lẹ́nu rẹ? Bí kò bá jẹ́ ọfusáìdì, rẹfirí ti gba rìbá. Òpùrọ́ ni gbogbo yín."

Àbúrò mi dọ́gbọ́n jáde. Alhaji ń wo ilẹ̀. Ojú tì mí, inú sì bí mi, torí mo rò pé a ti fọwọ́ ara wa ba nǹkan jẹ́, pé kò ní gba ohun tí mo bá sọ gbọ́ mọ́.

Nígbà tí sáà ń lọ sópin, ẹgbẹ́ bàámi àti àwọn ọ̀hún pàdé. Alhaji wọ jẹ́sì ẹgbẹ́ rẹ̀ lé orí kaftani, ó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàámi nínú ooru ọ̀sán. Eré ń tán lọ, ọ̀mì ni, wọ́n sì fi Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọlé. Mo ń sọ ọ́ láìní ìrètí kankan. "Bọ́ọ̀lù ń bọ̀ láti apá òsì. Ó ń sáré bọ̀. Ó..."

Bọ́ọ̀lù ti wà nínú àwọ̀n. Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, Alhaji ti fò dìde, àga rẹ̀ ti dojú dé.

"Karya ne! Irọ́ ni! Ọfusáìdì! Haba, rẹfirí, ṣé ojú rẹ fọ́ ni?"

Bàámi dìde. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó ń fi ẹsẹ̀ wá sálúbàtà rẹ̀ lábẹ́ àga. "Ó ti wọlé," ó wí.

Ṣùgbọ́n rẹfirí ti fọwọ́ sí etí. Wọ́n fẹ́ yẹ góòlù náà wò nínú ẹ̀rọ. Mo sọ fún bàámi bẹ́ẹ̀, ó sì dúró, sálúbàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́. Mo rò pé ara á tù ú. Bí wọ́n bá fagi lé e, ó bọ́ nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa tún dárúkọ ọ̀bẹ fún un. Mo rí i pé ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo sún mọ́ ọn kí n lè gbọ́ ohun tó ń sọ.

"Olúwa, má jẹ́ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ọmọ yẹn. Ó ti jìyà tó."

Bàbá mi, tó ń bẹ̀rù ọ̀bẹ ju ikú lọ, ló ń bẹ Ọlọ́run pé kí góòlù náà dúró. Omi bọ́ lójú mi. N kò fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Rẹfirí nawọ́ sí àárín pápá.

"Góòlù ni, bàámi."

"Mo mọ̀. Ṣé o ò gbọ́ bí Alhaji ṣe ń ké ni?"

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an la wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọsibítù, àwa mẹ́ta. Alhaji ṣàlàyé lójú ọ̀nà, fún bàámi àti fún oníkẹ̀kẹ́, pé ọfusáìdì ni, pé góòlù tí kò tọ́ ni wọ́n fẹ́ torí rẹ̀ la ọ̀rẹ́ òun lójú. Bàámi di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ tutù nini. Nígbà tí wọ́n mú un wọlé, Alhaji mú tẹ̀sùbáà rẹ̀ jáde, ó sì ń kà á títí wọ́n fi mú bàámi jáde pẹ̀lú báńdéèjì lójú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì tú báńdéèjì náà. Bàámi ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú. Ó gbé ọwọ́ ara rẹ̀ sókè, ó yí i síwá sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló wo Alhaji láti òkè dé ilẹ̀.

"Ṣé báyìí lo ti gbó tó?"

"Alhamdulillahi," ni Alhaji wí, ó sì bú sẹ́kún. Ara mi rọ̀ wọ̀ọ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù igi kalẹ̀. Mo jókòó sórí ilẹ̀ ọsibítù pẹ̀lú aṣọ tí mo fẹ́ wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, n kò bìkítà.

Nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, a tún jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ti ń sọ pé sáà tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ máa gbá kẹ́yìn nìyẹn. Ọkùnrin kan tó hu irùngbọ̀n, tí àyà rẹ̀ fẹ̀, dìde láti orí bẹ́ǹṣì, ó ń na ẹsẹ̀.

"Ta nìyẹn?" bàámi béèrè.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ yín ni."

"Èyí? Kí ló dé tí o ò sọ fún mi pé ó ti sanra?"

Mo ní èmi kò mọ̀ ọ́n nígbà tó tẹ́ẹ́rẹ́. Bàámi fa àga rẹ̀ sún mọ́ iwájú, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé itan. Alhaji ń kùn pé ọkùnrin náà ti darúgbó, kó lọ sinmi. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọ pápá, kò pẹ́, bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ó ti gbà á," mo bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ti mọ́ mi lára. "Ó ń sáré. Ẹnìkan ń fà á..."

Bàámi gbé ọwọ́ sókè láìwẹ̀yìn.

"Dákẹ́ jàre," ó wí. "Mo ń rí i."