Ohùn Màmá àti Ẹnu Màmá

Inú fu, àyà fu ni mo fi wọ ọkọ̀ ojú irin láti Torino lọ sí Brescia ní Sátidé yẹn. Sister ló pè mí. Wọn kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi lọ́mọ ìyá, àmọ́ ilé wọn ni mo kọ́kọ́ gbé nígbà tí mo dé Italy, nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí n wá, mo ti dé nìyẹn.

“Ìwọ tó ń kọ́ nípa sinimá,” wọ́n ní lórí fóònù, “wá bá mi so ohùn màmá mi mọ́ ẹnu wọn.”

Bàbá Sister ló kú ní Abẹ́òkúta. Permesso wọn, ìwé ìgbélùú, wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá ní questura, kò jáde, wọn ò sì lè lọ sìnkú. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ará ilé ya Màmá ní fídíò bí wọ́n ṣe ń bá Sister sọ̀rọ̀, wọ́n sì fi rán ẹnì kan tó ń bọ̀ níbí. Kámẹ́rà ò gba ohùn. A dúpẹ́ pé ẹnì kan gbé rédíò sórí tábìlì, ó gba ọ̀rọ̀ náà sínú kásẹ́ẹ̀tì; méjèèjì ni wọ́n fi ránṣẹ́. Nínú kásẹ́ẹ̀tì, Màmá sọ pé, “Mi ò bínú sí ọ.” Sister ò gbà.

“Ohùn lásán nìyẹn. Tí mo bá rí ojú wọn níbi tí wọ́n ti sọ ọ́, màá mọ̀.”

Ní yunifásítì, wọ́n ti kọ́ wa pé nígbà tí sinimá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọhùn, àwòrán wà lórí fíìmù, ohùn wà lórí àwo bíi ti giramafóònù. Bí fíìmù bá já, tí wọ́n gé díẹ̀ kúrò kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀, wàhálà dé: obìnrin á la ẹnu, ohùn ọkùnrin á jáde. A rẹ́rìn-ín gan-an ní kíláàsì. Nínú ọkọ̀ ojú irin yẹn, kò pa mí lẹ́rìn-ín rárá. Bí ojú Màmá bá le ńkọ́? Ṣé èmi ni màá wá fi irú ìyẹn han ẹni tó bọ́ mi? Kí ló tiẹ̀ gbé mi lọ kọ́ sinimá? Àwọn ẹgbẹ́ mi ń kọ́ nípa ẹ̀rọ ní Padova, kò sẹ́ni tó ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Nígbà tí mo dé ilé Sister, mo wá ibi tí màá ti mú fídíò àti kásẹ́ẹ̀tì bára mu. Màmá pàtẹ́wọ́ kí wọ́n tó gbàdúrà. Mo rí àtẹ́wọ́ náà nínú fídíò, mo gbọ́ ọ nínú kásẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni mo dì mú. Mo fi ọwọ́ kan sórí fídíò, ìkejì sórí rédíò, mo tẹ méjèèjì. Kò bá ara mu. Mo tún un ṣe, mo tún un ṣe. Òógùn bò mí, bẹ́ẹ̀ otútù ń mú níta.

“Piano, àbúrò mi, rọra, piano,” Sister ń sọ.

Nígbà tó yá, ó bọ́ sí i. Ohùn Màmá jáde lẹ́nu Màmá. Sister gbá apá mi mú, èékánná wọn wọ̀ mí lára.

“Mi ò bínú sí ọ.”

Màmá ò wo kámẹ́rà. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò, ojú wọn le koko. Sister tú apá mi sílẹ̀.

“O rí i? Wọ́n ń bínú.”

Mo fẹ́ sọ pé bóyá kásẹ́ẹ̀tì ló sá ṣíwájú díẹ̀. Kí n tó la ẹnu, ojú kìn-ín-ní kásẹ́ẹ̀tì ti tán. Rédíò náà bọ́ sí ojú kejì fúnra rẹ̀, ìwàásù àtijọ́ tí wọn ò pa rẹ́ ló sì wà níbẹ̀. Ohùn pásítọ̀ kan bú jáde lẹ́nu Màmá, ó ń kígbe iná ọ̀run àpáàdì.

“Pa á! Jọ̀ọ́, pa á!” Sister kígbe.

Mo pa rédíò. Mo na ọwọ́ sí fídíò, Sister gbá ọwọ́ mi dànù. Màmá ṣì ń sọ̀rọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ti tán mọ́ wọn lẹ́nu, wọn ò mọ̀. Wọ́n gbé ojú sókè wàyí, wọ́n ń wò wá, ojú náà ti rọ̀, ètè wọn ń lọ wéréwéré láìsí ohùn. Wọ́n na ọwọ́ síwájú bí ẹni fẹ́ nu ojú ọmọdé.

Sister kúnlẹ̀ síwájú tẹlifíṣọ̀n.

“Ẹ ṣé, mà,” wọ́n ní. “Mo ń gbọ́ yín, mà.”

Nígbà tó parí, mo mú kásẹ́ẹ̀tì láti dá a padà síbẹ̀rẹ̀. Sister mi orí.

“Fi ìyẹn sílẹ̀. Fídíò nìkan ni kí o dá padà, síbi tí ohùn ti tán.”