Ìlú Méjèèjì Tí Ìyá Mi Dárúkọ

Inú ń bí mi, mi ò sì ní fi bò. Bí mo bá ti jókòó ti kọ̀ǹpútà báyìí, inú á tún bí mi, torí ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ ló ba ojú ìyá mi jẹ́.

Òṣogbo ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mò ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá mi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn dókítà kan tó fẹ́ wá ṣe iṣẹ́ abẹ ojú lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn àgbàlagbà Ìlobù, Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Ètò náà á wo ìlú ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀, á sì fi ọjọ́ àti ibi tó máa lọ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Ìyá mi wà lára àwọn tó ń retí wọn. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ti fọ́ tán; tòsì ló kù, nǹkan funfun sì ti ń bo òun náà.

Ohun tí àwa tó ń kọ ètò ń pè ní súwíìṣì ni mo lò. Kọ̀ǹpútà á gba ọ̀rọ̀ kan, á gbé e ti àwọn tí mo ti tò sílẹ̀. Bó bá bá Ìlobù mu, á ṣe ti Ìlobù. Bó bá jẹ́ Ìfọ́n, á ṣe ti Ìfọ́n. Ẹ̀rìn náà ní tiẹ̀. Èyí tí kò bá bá ọ̀kankan mu á já sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ibi tí à ń pè ní difọ́ọ̀tù, ohun tí mo bá sì kọ síbẹ̀ ni olúwarẹ̀ máa gbà. Ebi ń pa mí lọ́jọ́ náà, ọ̀gá ń pariwo lé mi lórí pé kí n yára. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ kì í ṣe ará agbègbè yìí. Ẹ má wulẹ̀ wá." Mo rò pé àwọn tó máa ti ọ̀nà jíjìn wá gba àyè àwọn èèyàn wa ni mò ń lé. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ìfọ́n ni wọ́n bí ìyá mi sí. Ìlobù ló ti lọ́kọ, ibẹ̀ ló bí gbogbo wa sí. Láti ìgbà tí ìjà ti ba àárín ìlú méjèèjì jẹ́, tí àwọn tó ń ra iyọ̀ lọ́wọ́ ara wọn ò kí ara wọn mọ́, kì í dárúkọ ọ̀kan kó fi èkejì sílẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ní kí òun mú ọ̀kan fẹ́ kí òun kọ bàbá òun tàbí kí òun kọ ọmọ òun ni. Òun nìkan kọ́. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni mo dàgbà sí, mo mọ̀, mi ò sì rántí!

Nígbà tí nọ́ọ̀sì tó ń forúkọ àwọn èèyàn sílẹ̀ bi í léèrè ìlú rẹ̀, ó ní, "Kọ méjèèjì, ọmọ mi. Ìlobù àti Ìfọ́n." Nọ́ọ̀sì kọ méjèèjì. Kọ̀ǹpútà wò ó, kò rí i pé ó bá Ìlobù mu, kò rí i pé ó bá Ìfọ́n mu, ló bá jù ú sí ìsàlẹ̀.

Nígbà tí mo fi máa délé, àwọn dókítà ti lọ.

"Màámi, kí ló dé tẹ́ ò lọ?"

"Wọ́n ní àyè ti kún. Ìyàwó ilé tó bá mi ka ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀."

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi ni mo bá níbẹ̀. Àánú rẹ̀ ló ṣe ìyàwó ilé yẹn tó fi parọ́ fún un.

Mo jáde síta, mo pe ọ̀gá mi. Ó ní, "Ó yẹ kí màmá mú ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà ò mọ ìlú méjì." Kọ̀ǹpútà wo? Ṣé kọ̀ǹpútà ló kọ ara rẹ̀ ni? Mo bú u, àfi bíi pé mo fẹ́ ti inú fóònù gbá a létí. Mo pa fóònù. Ìbínú yẹn ò kúrò, ara mi ló padà sí. Àfọwọ́fà ni.

Mo wọlé padà. Ìyá mi ti gbọ́ ohùn mi láti ìta.

"Kí ni wọ́n kọ gan-an? Kà á fún mi."

Mo kà á. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

"Ta ló kọ ọ́?"

Mo kúnlẹ̀. "Èmi ni, mà."

Kò pariwo. Ó kọ ojú tó kù náà sí mi, ó ń wá ibi tí mo wà.

"Ìwọ ńkọ́," ó ní, "ọmọ ibo ni ẹ́?"