Àsíá Tí Mo Rán sí Èjìká Ọ̀tún

Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun lọ́jọ́ tí Ẹ̀gbọ́n gbé iṣẹ́ náà wá. Sójà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, Àgùdà ni wọ́n ń gbé, àwọn ló sì máa ń bá àwọn ológun wá ẹni tó máa rán báàjì. Wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Mushin, wọ́n ní àwọn ọmọ ogun orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń bọ̀ wá ṣe ìdánrawò pẹ̀lú tiwa, Nàìjíríà ló máa gbà wọ́n lálejò. Àsíá tí gbogbo wọn máa lẹ̀ mọ́ èjìká, èmi ni kí n fi ẹ̀rọ mọnogíráàmù mi rán an.

"Àbúrò, àwọn kan nínú wọn ò gbọ́ra wọn yé báyìí o. Nàìjíríà ló bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó gbà láti jọ wá. Mísìtéèkì kékeré báyìí, wàhálà ni."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Ṣé èmi náà kọ́ ni?"

Ẹnu mi kì í dákẹ́. Kó tó di ọjọ́ kejì, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Mo sọ fún oníbúrẹ́dì, mo sọ fún onífóònù, pé Nàìjíríà lẹ̀gbọ́n gbogbo wọn, bí ilé ará ibí bá ń jó, àwa là ń gbé omi lọ. Ẹnì kan ní ilé tiwa náà ń jó. Mo ní kó gbẹ́nu ẹ̀ dákẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rán an. Àsíá méjì ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún apá òsì, ọ̀kan fún apá ọ̀tún. Iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá ni mo fi kọ́ṣẹ́, níbi tí ọ̀tún ti gbọ́dọ̀ dojú kọ òsì bí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù méjì. Bí mo ṣe ṣe àsíá náà nìyẹn: bí mo bá rán ti òsì tán, màá yí àwòrán rẹ̀ padà fún ti ọ̀tún.

Nígbà tó ku ọ̀la kí Ẹ̀gbọ́n wá kó o, bàbá aláṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì yà kí mi lẹ́yìn ìrun Àláásárì. Aṣọ aláró ni wọ́n ń tà, Àlàájì Màlì sì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Mo fa báàjì Màlì kan yọ nínú òkìtì ti ọ̀tún.

"Àlàájì, ẹ wo àsíá ìlú yín!"

Ojú bàbá náà tàn. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

"Háà, Àǹtí! Látọjọ́ tí mo ti wà ní Mushin, Màlì, Màlì lẹ ń pè mí. Ta ló wá sọ fún yín pé ọmọ Gíní ni mí?"

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, báwo ni àsíá Gíní ṣe rí? Wọ́n fi ìka tọ́ ọ: pupa ló ṣáájú, ìyeyè tẹ̀ lé e, àwọ̀ ewé ló kẹ́yìn. Ti Màlì ńkọ́? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n kà á láti ẹ̀yìn wá.

Orí mi fò lọ. Gbogbo sójà Màlì ni mo ti so àsíá Gíní mọ́ léjìká ọ̀tún, mo sì so ti Màlì mọ́ ti Gíní! Tiwa, bó o bá yí i síbí, bó o bá yí i sọ́hùn-ún, ọ̀kan náà ni, ni mo bá rò pé bẹ́ẹ̀ ni ti gbogbo ayé rí. Mo bú ara mi bí ẹni ń bú olè.

Ọkàn kan ní kí n dákẹ́, ta ló máa yẹ èjìká ọ̀tún wò? Mo pe Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé wọ́n á ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìtàn ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

"Nígbà tí wọ́n rán wa lọ Làìbéríà, mo ti na ìbọn sí ọkùnrin kan nínú igbó kí n tó rí báàjì èjìká ẹ̀. Ara wa ni. Báàjì yẹn ni ò jẹ́ kí ìyàwó ẹ̀ di opó. Àbúrò, tún un ṣe."

Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni ọpọlọ mi ṣí. Òkìtì ọ̀tún Màlì, ti Gíní pátápátá mà ni! Mo gbé èyí síbí, mo gbé ìyẹn sọ́hùn-ún, méjèèjì bọ́ sípò láìtú òwú kan. Mo pariwo, mo jó yí ẹ̀rọ ká. Àwọn yòókù, bíi tiwa ni wọ́n rí; ti Ivory Coast nìkan ni kò rẹ́ni pààrọ̀ fún, mo tú u, mo sì tún un rán títí di òru. Mo rán ọ̀kan kún un, torí bàbá aláṣọ ti mú tiwọn lọ.

Láàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n yẹ gbogbo rẹ̀ wò, òsì àti ọ̀tún, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́ títí ó fi dùn mí. Inú mi dùn ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ.

Mo kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Bàbá aláṣọ ti rán báàjì náà mọ́ iwájú fìlà wọn. Mo lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè gba ọpẹ́ tí kì í ṣe tèmi. Mo jẹ́wọ́ pé ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi, àṣìṣe ni.

Wọn ò tilẹ̀ bínú.

"Mo ti fura," wọ́n ní. "Ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà lẹ̀gbọ́n. Àbúrò ló máa ń mọ ojú ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ò ráyè wojú àbúrò."

Mo fa àpótí, mo jókòó tì wọ́n, mo bi wọ́n ní ìlú tí wọ́n ti bí wọn ní Gíní. Wọ́n dárúkọ rẹ̀. Mo ní kí wọ́n tún un pè.