Ohùn Bíìgì Mọ́mì Tó Há Sínú Fóònù

Mo rántí ọdún tí ẹ̀gbọ́n màmá mi kò lè kọrin mọ́. Bíìgì Mọ́mì ni gbogbo àwa ọmọ ẹbí ń pè wọ́n. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Agbójú, àwọn ni wọ́n máa ń dá orin, ohùn wọn á sì borí ariwo jẹnẹrétọ̀. Nígbà tó yá, kókó kan yọ sí wọn lọ́nà ọ̀fun, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Ara wọn yá, a dúpẹ́, àmọ́ ohùn yẹn kò padà wá. Ohun tó kù kò ju ohùn jẹ́jẹ́ bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àṣírí. Àfi kí èèyàn sún mọ́ wọn dáadáa kó tó gbọ́.

Kí wọ́n tó wọ ilé ìwòsàn, wọ́n ti kọ àwọn orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo lẹ́kún nígbà tó wà ní kékeré, wọ́n sì gbà á sílẹ̀ sínú fóònù. Ọmọbìnrin yìí ti wà lókè òkun, ó lóyún, wọ́n sì fẹ́ kí ọmọ inú rẹ̀ gbọ́ ohùn ìyá àgbà bó bá dáyé. A ní kí wọ́n tètè fi ránṣẹ́, wọ́n ní rárá, kí ọmọ kọ́kọ́ délé ayé ná. Nígbà tí ọmọ fi máa dé, fóònù ti darúgbó. Kò rí íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́, ó ń kú fúnra rẹ̀, ìgbà tó bá sì wù ú ló ń jí. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé lọ́jọ́ kan kò ní jí mọ́. Ni wọ́n bá gbé e wá bá mi ní ilé wa ní Festac, pé kí n bá wọn kó àwọn orin náà sínú kọ̀ǹpútà.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé nígbà náà. Ẹnjiníà ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò, mo sì ń dáhùn bí ẹni pé orúkọ tí wọ́n sọ mí lọ́jọ́ kẹjọ nìyẹn. “Ẹ jókòó, mà,” ni mo wí, “kí ẹ tó mu omi tán, mo ti parí ẹ̀.” Wọ́n mu omi tán, wọ́n jẹun, wọ́n tún mu omi. Fóònù ń gba iná, àmọ́ kọ̀ǹpútà ṣe bí ẹni tí kò rí i. Mo yọ okùn, mo tún dá a padà sẹ́nu fóònù. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbínú ki okùn yẹn bọ fóònù lẹ́nu, àfi bí wọ́n ṣe fọwọ́ kàn mí lápá.

“Rọra, ọkọ mi,” ni wọ́n sọ jẹ́jẹ́. “Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.”

Ojú tì mí díẹ̀. Mo mú fóònù tèmi, mo fi okùn kan náà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà; kọ̀ǹpútà kò rí tèmi náà. Á à! Okùn yẹn kò lè gbé ju iná lọ. Mo wá okùn mìíràn, kọ̀ǹpútà rí tèmi, síbẹ̀ kò rí tiwọn. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu fóònù wọn: ìdọ̀tí inú báàgì ti dí i pa. Mo pa fóònù, mo fi igi ìtayín rọra yọ ọ́ kúrò. Lẹ́yìn tí mo tún un tàn, kọ̀ǹpútà dún lẹ́ẹ̀kan. Mo ṣí i, òfìfo ni mo bá níbẹ̀. Àyà mi já. Mi ò lè wo ojú wọn.

Ìgbà tí ọkàn mi balẹ̀ ni mo rí i pé fóònù wà ní títì. Kò sì ní fi ẹrù inú rẹ̀ han ẹnikẹ́ni títí ẹni tó ni ín á fi gbà. Mo ní kí wọ́n ṣí i. Ìbéèrè kan yọ lójú fóònù: ṣé kí kọ̀ǹpútà yìí wo inú rẹ̀? Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ‘bẹ́ẹ̀ ni’.

Àwọn orin náà wọlé. Nígbà tí mo tan ọ̀kan, ohùn àtijọ́ yẹn gba gbogbo pálọ̀. Màmá mi sáré jáde láti ilé ìdáná, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọṣẹ lọ́wọ́. Bíìgì Mọ́mì di ojú, ètè wọn ń tẹ̀ lé orin. Níbì kan tí wọ́n ti fo ọ̀rọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Tan fóònù tìẹ,” ni wọ́n wí nígbà tó parí. “Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un.”

“Bíìgì Mọ́mì, èyí tó wà níbí ti tó. Ó dùn gan-an.”

Wọ́n mi orí. “Ó dùn. Àmọ́ ohùn yẹn kọ́ ni ọmọ náà máa bá láyé. Kó mọ èyí tí mo ní báyìí.”

Mo ti fèrèsé nítorí ariwo ìta, mo gbé fóònù sún mọ́ ẹnu wọn, wọ́n sì fi ohùn jẹ́jẹ́ yẹn kọrin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọmọ náà ti ń sáré kiri ilé báyìí. Bí òun àti ìyá àgbà bá ń rí ara wọn lórí fóònù, àwọn méjèèjì ló máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń pète nǹkan. Láìpẹ́ yìí, ìyá rẹ̀ tan orin àtijọ́ fún un, ó ní màmá àgbà ló ń kọ ọ́. Ọmọ náà kọ̀ jálẹ̀. “Rárá o. Màmá àgbà kì í pariwo.” Nígbà tí wọ́n ròyìn rẹ̀ fún wa, Bíìgì Mọ́mì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo ro ó títí. Ohùn tó sọnù ni gbogbo wa ń sunkún nígbà náà, àwa tí a ti mọ̀ ọ́n. Ọmọ yẹn kò mọ̀ pé nǹkan kan sọnù rárá.