Maṣíìnì Tó Rán Aṣọ Ogun

Kékeré ni mo wà, eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, nígbà tí ogun abẹ́lé jà nílẹ̀ yìí. A ò gbọ́ ìró ìbọn ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, rédíò la fi ń gbọ́ ọ. Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi tí ẹ ń jiyàn lánàá ní pálọ̀ mi ní Yábàá, tí ẹ ní kí n bá yín dá a bóyá ó tọ́ kí orílẹ̀-èdè gbógun, ẹ pa fóònù yín tì ná. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí títí dòní.

Télọ̀ ni bàámi. Ọkùnrin Ìgbò kan wà nínú ilé wa tí òun náà jẹ́ télọ̀, Bọ̀ọ̀dá la máa ń pè wọ́n. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni wọ́n ti ń ránṣọ, maṣíìnì bàámi lápá ọ̀tún, ti Bọ̀ọ̀dá lápá òsì. Bí òwú ẹnì kan bá tán, á mú ti ẹnì kejì láìbéèrè. Ẹni tó bá lọ sọ́jà Tẹ̀júoṣó ló ń ra abẹ́rẹ́ ẹni méjèèjì bọ̀. Bọ̀ọ̀dá ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù.

Nígbà tí ìlú dàrú, àwọn ènìyàn Bọ̀ọ̀dá ní kí wọ́n tètè máa bọ̀ nílé. Maṣíìnì onírin kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé sá, ni wọ́n bá ní kí bàámi bá wọn tọ́jú tiwọn. Bàámi mú wọn lọ sẹ́yìnkùlé kí wọ́n lè mulẹ̀. Bàámi gbẹ́ ihò kékeré, wọ́n da omi sí i, àwọn méjèèjì kúnlẹ̀, wọ́n fẹnu mu ún nínú erùpẹ̀. Ojú mi ló ṣe. Bàámi ní, "Títí wàá fi dé, ìwọ lo ni ín. Bí mo bá yẹ̀ ẹ́, kí ilẹ̀ yìí bi mí." Bọ̀ọ̀dá ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo gbà yín gbọ́." Wọ́n fọwọ́ pa mí lórí, wọ́n lọ.

Kò pẹ́ tí ogun bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n gbé iṣẹ́ aṣọ ṣójà fún bàámi. Káàkí kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Maṣíìnì kan ò tó, ni bàámi bá ní kí ìyá mi jókòó sídìí ti Bọ̀ọ̀dá. Èmi ni mò ń rán bọ́tìnnì. Mo wá béèrè ta ni àwọn tó máa wọ aṣọ yìí fẹ́ yìnbọn lù. Bàámi sọ ọ́ bí rédíò ṣe ń sọ ọ́, wọ́n ní, "Ogun ẹ̀tọ́ ni. Ilé kan ni gbogbo wa, a ò ní jẹ́ kó fọ́." Tọkàntọkàn ni mo gbà á gbọ́! Èmi rò pé torí kí Bọ̀ọ̀dá lè padà wá sápá òsì ọ̀dẹ̀dẹ̀ la ṣe ń jà.

Ogun tán. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bọ̀ọ̀dá wọlé, wọ́n ti rù kan eegun. Mo fò mọ́ wọn. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún bàámi, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo dé. Maṣíìnì yẹn nìkan ló kù tí mo ní láyé."

Bàámi ò gbójú sókè. "Maṣíìnì wo?"

"Ẹ̀gbọ́n, a jọ mulẹ̀."

"Ẹni tó bá ìjọba jagun ti fọwọ́ ara rẹ̀ já ìmùlẹ̀."

Ẹ ò rí ọgbọ́n! Ogun ẹ̀tọ́ ti di àwáwí olè. Ìyá mi sá wọ yàrá, mo gbọ́ tí wọ́n ń sunkún, tí wọ́n ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ.

Bọ̀ọ̀dá wá yíjú sí mi. "Ọmọ mi, ìwọ kì í purọ́. Ta ló ni maṣíìnì yìí?"

Bàámi wò mí. Ẹ̀yin ò mọ irú ìwò yẹn, ẹ̀yin tí ẹ lè sọ fún bàbá yín lónìí pé, "Dádì, irọ́ lẹ pa." Láyé tiwa, ojú òbí tó láti pa ọ̀rọ̀ mọ́ ọmọ lẹ́nu. Mo ní, "Ti bàámi ni, sà."

Bọ̀ọ̀dá ò bínú. "Ó dáa," ni wọ́n wí. Wọ́n jáde, a ò sì fojú kàn wọ́n mọ́.

Ṣé ó tọ́ kí orílẹ̀-èdè gbógun? Bóyá ọjọ́ kan wà tó tọ́, èèyàn ò ní káwọ́ gbera kí wọ́n máa pa ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní torí kí a lè jẹ́ ọ̀kan lòun ṣe jà, ẹ dúró dìgbà tí ogun bá tán kí ẹ tó gbà á gbọ́. Rédíò tàn mí. Bàámi tàn mí, mo sin wọ́n bó ti yẹ, mi ò sì tíì dárí jì wọ́n. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ogun yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló bi mí ní òótọ́, èmi náà sì dalẹ̀ rẹ̀.